Alágbàwí Tó Mọ Àgodi: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Kan Tí A Sanwó Fún ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ilé iṣẹ́ yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò sọ pé méjì náà ti pọ̀ jù. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó tó wà láàárín wa kò tíì parí, àti nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kọjá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gba ẹnu ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn onílé ẹ̀kọ́ aládàáni sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin àti àwọn ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Àwọn tó kàwé ń pè é ní lọ́ọ̀bì. Ní ọjà wa, a kàn máa ń sọ pé lágbájá mọ ọ̀nà. Èmi yóò máa pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní alágbàwí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwa tí a dàgbà sí ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì ti mọ̀ láti kékeré pé ẹni tí yóò gba ẹjọ́ ẹlòmíràn wí, ó yẹ kí ọwọ́ tirẹ̀ mọ́.

Owó ojú ọ̀nà ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ wọn. Òwò kajú ni ẹgbẹ́ wa ń ṣe. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, a máa ń ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé Oríire, Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa, a ó sá a, a ó ṣà á, a ó dì í sínú àpò, a ó sì kó o sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Èkó. Kí ọkọ̀ kan tó jáde kúrò ní agbègbè wa, ó lè ti gba tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́wọ́ àwọn tó ń fi igi dí ọ̀nà, tí olúkúlùkù wọn yóò sì máa sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ kan ló rán òun. Mo ní àpòòwé kan nílé tí mo ń kó àwọn tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sí. Òmíràn pupa, òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn kò sì ju pépà lásán lọ, tí wọ́n fi bíírò kọ iye owó sí lórí, tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní òǹtẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kò ju kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wa, kí wọ́n pe àwọn tó ń gba owó náà láti wá sọ ẹni tó rán wọn, kí owó náà sì di ẹyọ kan tí ó ní rìsíìtì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ mú wa lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí Tákíé, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí iná kò sí ní gbogbo àdúgbò. Fọ́tò ọ̀gá náà pẹ̀lú àwọn èèyàn pàtàkì kún ara ògiri, wọ́n tò wọ́n ní ìlà bí ìgbà tí ayàwòrán ń ta ọjà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni nǹkan bí 55 ọdún, ó ń wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó sì mọ bí a ti ń kí ènìyàn: kò sí ìyá kan nínú wa tí ọ̀gá náà kò dọ̀bálẹ̀ kí lẹ́ẹ̀mejì kí a tó jókòó. Àwa mẹ́fà la lọ. Wákàtí méjì ló fi gbọ́ wa láìwo fóònù rẹ̀, ó ń kọ ohun tí a ń sọ sínú ìwé, nígbà tó sì tó àsìkò láti sọ iye owó, ó sọ ọ́ ní gbangba: ₦600,000, ní ìgbà mẹ́rin, ₦150,000 lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tí yóò bọ́ sí àpò aṣòfin kankan. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè rìbá lọ́wọ́ wa ní orúkọ òun, kí a wá sọ fún òun. Mo gbóríyìn fún un lórí èyí títí di òní, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kí a bá aṣòfin sọ̀rọ̀ àti kí a fi owó dí i lẹ́nu. Ìràwọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìràwọ̀ kejì jẹ́ ti ìwé tí wọ́n kọ. Mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, mo sì mọ lẹ́tà tó dára nígbà tí mo bá rí i. Ojú ewé mẹ́rìnlá ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ ṣùgbọ́n wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn ìyá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ya àwòrán ojú ọ̀nà, wọ́n fi àmì sí ibi tí wọ́n ti ń dí wa lọ́nà, wọ́n so ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì 43 mọ́ ọn láti inú àpòòwé mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé òfin àpapọ̀ kan ti wà láti ọdún 1998 tó to irú owó orí tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, tó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà láti gba owó orí. Àwa tí a ti ń san owó náà láti ìgbà tí àwọn ìyá wa ti ń ṣòwò, a kò mọ̀. Ọ̀gá kà á sí wa létí, ó tún un kà, Ìyá Alága sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú.

Nígbà tí a ń dìde lọ ní ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wa bi í bóyá ó dá a lójú pé ilẹ̀kùn àwọn aṣòfin yóò ṣí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ Àgodi dáadáa.” Gbogbo wa gbà pé Sẹkitéríàtì ló ń wí, níbi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà. Àṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà ju bí a ti gbọ́ ọ lọ, nítorí pé Àgodi kan náà ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà, àwọn ará Ìbàdàn kò sì ní bi ọ́ ní ìbéèrè kejì bí o bá sọ pé ẹnì kan lọ sí Àgodi ó pẹ́ kó tó dé.

Mo fẹ́ sọ bí a ti mọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Ọ̀gá fi ìwé wa ránṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024, orúkọ rẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sì ni ó wà nísàlẹ̀, kì í ṣe tiwa. Oṣù kejì wọlé, kajú bẹ̀rẹ̀ sí já, kò sí èsì. Ní oṣù kẹta, èmi àti Ìyá Alága wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn, a sọ̀ ní Ojóò, a wọ ọkọ̀ míràn dé Sẹkitéríàtì, wọ́n ní kí a padà wá. A padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní fáìlì náà wà lórí tábìlì ẹnì kan tó lọ ìrìn àjò. Ní ìgbà kẹta, bàbá àgbàlagbà kan tó ń gba ìwé wọlé wo ojú wa, ó wo fáìlì, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, kò sí ohun tó ṣe ọ̀rọ̀ yín o, ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ lọ wádìí ẹni tó buwọ́ lùwé yìí.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A jókòó sábẹ́ igi kan ní ìta, a mu omi, Ìyá Alága kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Ojóò.

Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa, agbẹjọ́rò ni ní Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á láti wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ míràn dá ọ̀gá wa lẹ́bi pé ó yí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sí tirẹ̀, owó tí àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kó jọ, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ó lo apá kan níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá sí Àgodi láti parí rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó forúkọ ilé iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà wà lórí ìkànnì Àjọ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, mo ti wò ó fúnra mi kí a tó san kọ́bọ̀ kan: orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ pé, kò sì sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ìwádìí ni nìyẹn. Ìkànnì náà máa ń sọ fún ọ pé ilé iṣẹ́ kan wà, kì í sọ irú ẹni tó ni ín.

A lọ bá a. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, kò sẹ́. Ó ní kí akọ̀wé rẹ̀ jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, “Mo ti san gbèsè mi fún ìjọba. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo jẹ.” Ó ní bí òun bá ti sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a kò ní jókòó. Èyí jẹ́ òtítọ́. Ó bi wá bóyá ìwé tí òun kọ ní àṣìṣe kan nínú, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó ní. Ṣùgbọ́n Ìyá Alága dá a lóhùn ní ọ̀nà tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwé rẹ dára. Ẹnu rẹ ni a yá, ẹnu náà kò sì wọlé.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí òfin wí, mo sì rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní apá 107, sọ pé ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi tó sì dá sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn tó ní àìṣòótọ́ nínú, kò lè díje fún ipò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bí kò bá tíì pé ọdún 10 sí ọjọ́ ìdìbò. Apá 66 sọ ohun kan náà nípa àwọn tó ń lọ sí Àbújá, òmíràn sì wà fún gómìnà àti fún ààrẹ. Nítorí náà, kí ọdún 2027 tó dé, ọ̀gá wa kò lè jókòó sórí àga aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ tilẹ̀ fẹ́ dìbò fún un. Síbẹ̀ kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti jókòó sí ìwájú ẹni tó jókòó sórí àga náà, kí ó máa sọ fún un irú òfin tó yẹ kó ṣe, kí ó sì gba owó fún un. Wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n wá ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Àwọn aṣòfin ní Àbújá ti gbé àbá òfin jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí gbogbo alágbàwí máa forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìgbà tí a ń wá ẹni tí yóò bá wa lọ, kò sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kankan tí àwa lè ṣí wò.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ṣe é. Ọsirélíà ni tèmi fẹ́ràn jù. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ní ìlànà kan fún àwọn alágbàwí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn: kí orúkọ rẹ tó wọ ìwé, ìwọ yóò búra pé wọn kò dá ọ sẹ́wọ̀n oṣù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, àti pé láàárín ọdún 10 tó kọjá, wọn kò dá ọ lẹ́bi olè, jìbìtì tàbí irú àìṣòótọ́ bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ rẹ kò bá sí nínú ìwé náà, àwọn mínísítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ dá ọ lóhùn lórí iṣẹ́ àgbàwí. Ẹ wo ọdún 10 yẹn. Iye tí ìwé òfin tiwa náà mú fún aṣòfin nìyẹn. Àléébù ìlànà wọn ni pé alágbàwí tí ilé iṣẹ́ ńlá bá gbà sílé, tó ń gba owó oṣù níbẹ̀, kì í forúkọ sílẹ̀ rárá.

Ní Kánádà, ọ̀nà míràn ni wọ́n gbà. Wọn kì í wo ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rú òfin alágbàwí fúnra rẹ̀, tí ilé ẹjọ́ sì dá ọ lẹ́bi, kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà lè dá ọ dúró fún iye ọdún tí kò ju 2 lọ. Lójú mi, ìyẹn dà bí ìgbà tí a dúró kí ewúrẹ́ jẹ iṣu tán kí a tó so ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Bruce Carson, agbẹjọ́rò tí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò, tó sì ti lọ sẹ́wọ̀n lórí jìbìtì kó tó di olùbádámọ̀ràn fún olórí ìjọba Stephen Harper. Lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀, ó ń lo àwọn tó mọ̀ láti bá ilé iṣẹ́ kan ta ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi fún àwọn ìlú ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fi ìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2018.

Ti Amẹ́ríkà ni ó dùn mí jù, nítorí pé ó jọ tiwa. Jack Abramoff ni alágbàwí tí okìkí rẹ̀ kàn jù ní Washington ní ìgbà kan. Àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ tó ní ilé tẹ́tẹ́ ló gbà á síṣẹ́, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ sì gba owó ńláńlá lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pín in ní ìkọ̀kọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ó gbà pé òun jẹ̀bi jìbìtì, ìdìtẹ̀ àti àìsan owó orí, ó ṣẹ̀wọ̀n, ó sì jáde ní ọdún 2010. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n to lẹ́tà orúkọ rẹ̀ kí ó lè ka JACK, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Òfin náà kò lé ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ kò ju pé alágbàwí tí wọ́n ti dá lẹ́bi rìbá, jìbìtì, ìkówójẹ, irọ́ níwájú ilé ẹjọ́ àti irú wọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 2020, wọ́n tún mú Abramoff, ó tún gbà pé òun jẹ̀bi, lọ́tẹ̀ yìí nítorí pé ó ń ṣe àgbàwí láìforúkọ sílẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé aṣòfin ni alágbàwí burúkú ń bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí oníbàárà: àwa tí a sanwó fún un ló kọ́kọ́ ń jẹ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, nítorí pé èmi náà ti sọ ọ́ sí ara mi. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Máṣífà tó ń ṣe fọ́kánáísà. Ó lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan ààbọ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 22, nítorí ìjà kan tí ó fọ́ orí ènìyàn. Nígbà tó dé, kò sí ẹni tó fẹ́ fún un ní iṣẹ́, ìyá rẹ̀ ló ta ìró méjì láti ra ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Òun ló ń ṣe táyà ọkọ̀ tó ń kó kajú wa, mo sì lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi lé e lọ́wọ́. Àjọ tó ń ṣàkóso ọgbà ẹ̀wọ̀n yí orúkọ ara rẹ̀ padà ní ọdún 2019 láti fi hàn pé àtúnṣe ìwà ni iṣẹ́ òun, bí ẹni tó tibẹ̀ jáde kò bá wá rí iṣẹ́ ṣe, irọ́ ni orúkọ tuntun náà. Bí ọmọkùnrin yìí bá fẹ́ di alágbàwí fún ẹgbẹ́ fọ́kánáísà lọ́la, kí ó lọ, èmi yóò bá a kọ lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀sùn ọmọkùnrin náà kì í ṣe irú ẹ̀sùn ọ̀gá wa. Alágbàwí kì í ta ọjà tí a lè gbé sórí òṣùwọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tó ń tà ni pé kí ẹni tó ń gbọ́ ọ gbà á gbọ́: pé tíkẹ́ẹ̀tì 43 jẹ́ 43, pé ẹgbẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ fún wà lóòótọ́, pé kò sí ẹlòmíràn tó ń sanwó fún un ní ẹ̀yìn. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé ó parọ́ lórí owó ẹgbẹ́, ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ló ti jóná. Bí ìwé rẹ̀ dára ju ti gbogbo ayé lọ, akọ̀wé àgbàlagbà kan ní Àgodi yóò kàn gbé e sí abẹ́ àwọn fáìlì míràn, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọ bí àánú rẹ kò bá ṣe é. Àkókò kajú ọdún 2024 kọjá lára wa bẹ́ẹ̀. A san gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Nítorí náà, ohun tí mo fara mọ́ kò ga jù. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi olè, jìbìtì, rìbá tàbí ìkówójẹ, kí ó má ṣe iṣẹ́ àgbàwí fún owó títí ọdún 10 yóò fi pé, bí ìwé òfin wa ti wí fún aṣòfin. Lẹ́yìn ọdún 10 náà, kí ó forúkọ sílẹ̀, kí ẹ̀bi rẹ̀ sì hàn nínú ìwé náà, bí Amẹ́ríkà ti ṣe. N kò fara mọ́ ohun tí Ọsirélíà sọ pé ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n oṣù 30 rí kò lè ṣe é láéláé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò wo ohun tí ó ṣe àti iye ọdún tó ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ìdí tí òfin yóò fi dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gbẹnu ara rẹ̀ tàbí ti àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì wà níbẹ̀ tí n kò rí ojú ọ̀nà rẹ̀ tán: ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ dárí ji gómìnà àtijọ́ méjì, Joshua Dariye àti Jolly Nyame, tí wọ́n wà lẹ́wọ̀n lórí owó ìlú. Bí irú wọn bá di alágbàwí lọ́la, ṣé a ó máa ka ọdún 10 náà, tàbí ìdáríjì ti pa á rẹ́? Kí àwọn agbẹjọ́rò dá mi lóhùn.

Fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba irú ilé iṣẹ́ yìí síṣẹ́ nísinsìnyí tí òfin kò tíì sí, ẹ bi ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀, ní ojú gbogbo yín, bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú àdéhùn. Ẹ ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ìwà tí àwọn ọlọ́pàá ń ṣe wá, èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní Alágbọn ní Èkó. Ẹni tó ń lọ sí òkè òkun ń gbà á, kí ló dé tí ẹni tó ń lọ bá aṣòfin kò fi ní gbà á? Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dá nìkan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Tiwa ni ọ̀rọ̀, tiwa ló yẹ kí ìbuwọ́lùwé jẹ́. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí a yá kì bá ti rí ọ̀nà fi orúkọ rẹ̀ bo tiwa mọ́lẹ̀.

A ti san ₦450,000 kí a tó mọ̀. Ó dá ₦150,000 padà sí àkáǹtì ẹgbẹ́ ní oṣù karùn-ún, ó ní ìyókù ni owó iṣẹ́ tí òun ti ṣe, a sì ń bá a fa á lọ́wọ́. Ó fún wa ní ìwé ojú ewé mẹ́rìnlá náà lọ́fẹ̀ẹ́, kò bèèrè ohunkóhun lórí rẹ̀, mo sì kà á sí ohun rere fún un.

Èmi ni mo jókòó tún un tẹ̀. Mo yọ orúkọ rẹ̀, mo fi tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 2024 kún un, wọ́n ti di 71. Àwa márùn-ún buwọ́ lù ú, Ìyá Alága tẹ àtàǹpàkò rẹ̀. Mo tún wọ bọ́ọ̀sì, mo tún sọ̀ ní Ojóò. Bàbá àgbàlagbà yẹn kò sí lórí àga ní ọjọ́ náà, ọmọbìnrin kan ló gbà á. Ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó wo àwọn orúkọ tó wà nísàlẹ̀, ó ní ta ni mí nínú wọn. Mo ní èmi ni ẹni kejì, mo ń ta kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ méjèèjì, ó kọ déètì, ó sì fún mi ní ẹ̀dà tèmi.